Ta Ni Ó Gba Odò Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tí a máa ń tìtorí rẹ̀ pe ara wa lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ eré ni: eré tí baba, ìyá àti ọmọ máa ń jùmọ̀ ṣe ní etí odò ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì láìyẹ̀ ẹ́ wò, yóò há àwa àti àwọn ọmọ wa lọ́fun.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Òṣogbo, kò sí oṣù kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ìdílé wa kì í lọ sí etí odò Ọ̀ṣun ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Káfíńtà ni bàbá mi. Ní ọjọ́ náà yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ìyá mi yóò ti jí ní ìdájí lọ ẹ̀wà, yóò sì ti fi ewé pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. A ó di ẹ̀kọ tútù sínú agbọ̀n, a ó bu ẹ̀pà sínú igbá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò ru ẹní, àwa ọmọdé yóò sì máa sáré ṣáájú. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Kì í ṣe inú igbó Ọ̀ṣun ni a ń lọ, nítorí ibi ọ̀wọ̀ ni ibẹ̀, a kì í sì í pẹja níbẹ̀. Ibi tí odò ti tẹ́jú ní apá ìsàlẹ̀, tí iyanrìn rẹ̀ funfun, ni ibùjókòó wa.

Omi ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá tilẹ̀ mù ọ́ dé orúnkún, ìwọ yóò máa ka òkúta wẹ́wẹ́ tí ó yí ẹsẹ̀ rẹ ká. Bàbá mi yóò so ọ̀já mọ́ ìbàdí èyí tí ó kéré jù nínú wa, yóò di etí ọ̀já náà mú, yóò sì kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí oòrùn bá mú, a ó gbẹ́ ihò 12 sínú iyanrìn, a ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48, ayò bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ni ó máa ń borí bàbá mi, gbogbo wa yóò sì hó yèè. Ní ilé, ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni bàbá mi. Ní etí odò ni mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti kọ́ iṣẹ́, bí ó ti pàdé ìyá mi, àti ìdí tí mo fi ń jẹ́ orúkọ tí mo ń jẹ́. Níbẹ̀ náà ni ìyá mi ti pa ìtàn bí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ti tẹ ìlú wa dó, bí igi tí wọ́n gé ti wó sínú omi tí ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn kan sì ké láti inú odò pè wọ́n ní oṣó igbó. Ọmọ tí ó gbọ́ ìtàn yìí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi kan náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Kí ni gbogbo èyí ná wa? Owó ẹ̀wà, owó epo àti owó ẹ̀kọ. Kò sí ohun mìíràn.

Ní ọdún tí ó kọjá mo kó mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ọmọ mi, mo ní kí n mú wọn lọ sí ibi tí bàbá mi mú mi lọ. Omi tí mo bá níbẹ̀ pọ́n bí omi tí a fi ṣan amọ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, n kò sì rí ìka mi mọ́. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn wò mí lójú, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé odò tí ẹ máa ń sọ fún wa nìyí?” Mo yí ojú sí apá kan. A jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa lórí ẹní, a sì padà sílé láìjẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ta ni ó gba odò lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa? Mo wádìí títí, mo sì rí olè mẹ́ta. N ó tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa fúnra wa wà nínú wọn.

Olè kìíní ni ìgbéraga tí a ń pè ní ọ̀làjú. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni í kó ọmọ lọ sí odò. Nítorí náà a ti àwọn ọmọ mọ́lé, a fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lé wọn lọ́wọ́, a sì ń retí ọjọ́ ọdún. Bí ọdún bá dé, a ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, a ó jù wọ́n sínú adágún tí a fi sìmẹ́ńtì mọ, baba yóò jókòó sí abẹ́ ìbòòji tirẹ̀, ìyá yóò máa ya fọ́tò, lẹ́yìn wákàtí méjì a ó kó wọn padà. A ti ra eré fún wọn, ṣùgbọ́n a kò bá wọn ṣeré. Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ní ti odò yìí, onílé ni ó lójú tí kò fi ríran! Obìnrin kan láti ilẹ̀ Austria, Susanne Wenger, ni ó dé orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1950, tí ó sọ Òṣogbo di ilé títí ó fi kú níbẹ̀ ní ọdún 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ ìlú ni wọ́n dúró ti igbó Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn kan ń fẹ́ gé e lulẹ̀. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún gbogbo ayé, hẹ́kítà 75 igbó àti odò. Gbogbo ayé mọ̀ pé ogún ni. Àwa tí a jogún rẹ̀ ni a ń wò ó bí ẹrù àwọn aláìní.

Olè kejì ni ìbẹ̀rù. Ẹni kan yóò sọ pé ọmọ lè kú sómi. Òtítọ́ ni, ìdí náà gan-an sì ni ó fi yẹ kí baba mú un lọ, kí ó di ọ̀já rẹ̀ mú. Ọmọ tí baba kò bá mú lọ sí odò ní ojúmọmọ yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ́ lọ ní ọjọ́ kan, kò sì ní sí ẹni tí yóò nawọ́ sí i. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ìbọ̀rìṣà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni omi ṣẹ̀? Nínú odò Jọ́dánì ni a ti ri Jésù bọ omi. Omi ni Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ Ọ̀ṣun yóò bọ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ yóò jẹ ẹ̀pà rẹ̀, yóò lúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì lọ sílé rẹ̀. Ẹni kẹta yóò sọ pé àìsàn wà nínú omi. Èyí ni mo fara mọ́ jù, nítorí kì í ṣe gbogbo omi ni a ń wọ̀. Omi tí kò ṣàn, tí ìgbín omi kúnnú rẹ̀, a máa gbé àtọ̀sí ajá, bí àwọn ará etí ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní ọdún 1983, ti fi ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kí a mọ omi wa, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Kò kọ́ wa pé kí a sá fún un.

Olè kẹta ni ó burú jù, nítorí òun ni ó ń pa odò fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara wa. Ta ni ó ń da ọ̀rá àti ike sínú omi bí òjò bá ti ṣú? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa, odò kékeré tí àwọn ará Ìbàdàn ti fi ìdọ̀tí dí lọ́nà, kún dé orí ilé, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi kì í gbàgbé ọ̀nà.

Lẹ́yìn tiwa ni ti àwọn awakùsà. A ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ṣùgbọ́n ìwà tí a ń wà á láìpẹ́ yìí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run nínú. Wọn a wú etí odò, wọn a fi omi ṣan erùpẹ̀ rẹ̀ láti ṣa wúrà, wọn a sì da ẹrẹ̀ náà padà sínú odò. Àwọn tí ń wa wúrà lọ́nà báyìí a tún máa fi mẹ́kúrì, irin tí ń ṣàn bí omi, mú eruku wúrà jọ. Mẹ́kúrì yìí a máa wọ inú ẹja, láti inú ẹja a wọ inú ènìyàn, a sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láti inú oyún. Ní ọdún 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó pé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ kí ènìyàn má mu omi odò náà mọ́. Ẹ rò ó wò: odò tí àwọn ìyá wa fi ń tọrọ ọmọ ni a ń sọ pé kí ọmọ má ṣe mu!

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀ràn Òṣogbo nìkan ni. Òkè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀; àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ṣàn sínú rẹ̀; ó ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kkí. Lójú ọ̀nà rẹ̀ ni ìsédò Aṣéjírẹ wà, tí a parí ní ọdún 1972 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ẹni tí ó da ẹrẹ̀ sí i lókè, ẹnu ará Ìbàdàn ni ó da ẹrẹ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, kí ó rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí májèlé òjé láti inú àpáta wúrà ti pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ.

Wọn yóò sọ fún wa pé àwọn awakùsà náà ní láti jẹun. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wúrà tí a bá wà tán ti tán. Odò tí a bá tọ́jú yóò bọ́ ọmọ, yóò bọ́ ọmọ ọmọ. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 pàṣẹ pé kí ẹni tí ń wa ilẹ̀ tún un ṣe, kí ó má sì ba omi jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fúnni ní àṣẹ ìwakùsà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí a ti béèrè pé kí òfin náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọba wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ń wú, orúkọ yín ni a fi ń pè é. Ẹ má ṣe gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń ta odò yín fún yín.

Ní ti àwa tí a kò jọba, iṣẹ́ wa kò wúwo. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù. Bí odò ìlú rẹ bá mọ́, mú àwọn ọmọ rẹ lọ, kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, ta ayò pẹ̀lú wọn, sọ ìtàn odò náà fún wọn, kí ẹ sì kó gbogbo ewé àti ọ̀rá yín padà sílé. Bí kò bá mọ́, mú wọn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú! Ẹ tẹ́ ẹní sí etí rẹ̀, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn. Níbi tí ìdílé 100 bá ti ń jókòó, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti wá da ìdọ̀tí. Odò tí kò sí ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́ wò ni olè ń jí.

Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé ìsun rẹ̀. Àwa ni a gbàgbé odò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, n ó tún kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ibi iyanrìn náà. Mo ti ṣèlérí fún èyí tí ó kéré jù pé n ó fún un ní èsì ìbéèrè rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n parọ́ fún ọmọ náà.