Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ Fúláàṣì Yín, Ẹ Má Tẹ “Format”

Ní Barnfield Estate ní Woolwich níbí, àti káàkiri Thamesmead, ilé Yorùbá tí kò ní fúláàṣì nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ̀wọ́n. Inú rẹ̀ ni fídíò ìsìnkú bàbá wà, tàbí ìgbéyàwó ọmọ, tàbí ìkómọ tí a kò ráyè lọ sílé bá wọn ṣe. Oníkámẹ́rà fi lé wa lọ́wọ́, a wò ó lẹ́ẹ̀kan, a tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá tún kì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà lè má dá a mọ̀ rárá. Ó sì lè ní àfi ká format rẹ̀ ká tó lè lò ó, kó wá gbé bọ́tìnì méjì síwájú wa: “Format disk” àti “Cancel”.

Ẹ jọ̀ọ́, “Cancel” ni kí ẹ tẹ̀.

Ìdí rèé. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú fúláàṣì tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà fún kọ̀ǹpútà. Bí a bá fà á yọ nígbà tí nǹkan ṣì ń wọ inú rẹ̀, àkọsílẹ̀ yìí lè dàrú, síbẹ̀ kí fídíò náà wà níbẹ̀ láìyingin. Format á kọ àkọsílẹ̀ tuntun tó ṣófo. Bí ẹ bá wá yọ àmì kúrò níwájú “Quick Format”, Windows á fi òdo bo gbogbo inú rẹ̀. Fídíò yẹn ti lọ nìyẹn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu fúláàṣì àti ihò kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi igi ìtayín gbígbẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ gbìyànjú ihò mìíràn. Bó bá jẹ́ háàdì dísìkì ni, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀, nítorí àwọn wáyà kan wà tí kò lè ṣe ju kí wọ́n gba iná sí fóònù lọ. Iná sì lè kéré: ihò USB 2.0 ń pèsè 500 mA, USB 3.0 ń pèsè 900 mA.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ kò bá ní, ẹ béèrè ní ilé ìkàwé Woolwich Centre ní Wellington Street bóyá wọ́n á gbà yín láyè. Ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà ló ń lo Mac, fúláàṣì tí wọ́n bá sì ṣètò lórí Mac, Windows lè má lè kà á, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ tún ṣí “Disk Management” nínú Windows. Bí fúláàṣì bá wà níbẹ̀ tí kò kàn ní lẹ́tà (drive letter), ẹ fún un ní lẹ́tà, yóò jáde.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni TestDisk àti PhotoRec tí a fi ń wá fáìlì tó sọnù. Orí dísìkì mìíràn ni kí ẹ kó ohun tí ẹ bá rí sí. Ṣùgbọ́n bí háàdì dísìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sì sọ fún un ni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ wá gbà, ẹ kò ní kó format rẹ̀.

Àmọ́ ká tó dé ibi àtúnṣe ló yẹ ká ti ṣe ohun tó tọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́jọ́ tí oníkámẹ́rà bá gbé fídíò dé, ẹ dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ dà á sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ìbàdàn tàbí kí ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a yá owó, tí a wọkọ̀ òfuurufú, tí a ra aṣọ ẹbí torí òkú òbí wa, kò yẹ ká fi ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀ sórí fúláàṣì kan ṣoṣo.