Ẹ̀yà Kọ́, Ẹ̀bùn Ni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan tí a jọ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tí a sì máa ń pàdé ní Ìfọ̀nyìn (èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni) ní àsìkò ìsinmi, sọ ọmọ kan lórúkọ láìwo ilé. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ dùn wá, ó sì kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sí ojú ìwé yìí, kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa lè bá wa dá sí i.

Inú eré ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló mú ìwé eré Dungeons & Dragons dé ní èdè Faransé, èyí tí wọ́n ti ṣe ní fọ́tòkópì títí tí àwòrán inú rẹ̀ fi dúdú. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní ọpọ́n bí ayò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń lé ẹnì kejì bí i ti lúdò. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni yóò máa sọ ìtàn. Apàlọ́ ni àwa ń pè é. Oníkálukú nínú àwọn yòókù yóò dá ẹ̀dá kan sílẹ̀, yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá náà, yóò sì máa pinnu ohun tí ẹ̀dá náà yóò ṣe. Bí ohun tí ó fẹ́ ṣe bá le, yóò ju dáìsì olójú ogún kí a lè mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe.

Ohun méjì ni ènìyàn kọ́kọ́ ń yàn fún ẹ̀dá rẹ̀. Èkínní ni ohun tí ìwé Faransé pè ní « race »: ṣé ọmọ ènìyàn ni, àbí elf tí etí rẹ̀ ṣóńṣó, àbí dwarf tí ó kúrú tí ó sì ń wa irin nínú òkè? Èkejì ni ohun tí wọ́n pè ní « classe »: ṣé jagunjagun ni, àbí oṣó, àbí ajínigbówó, àbí akọrin? Láti inú méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀dá náà lè ṣe ti ń wá.

A ní kí a máa fi Nàgó ṣe eré náà, nítorí pé èdè wa ni, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí kò lè fi èdè rẹ̀ ṣeré, kí ni yóò fi í ṣe? A túmọ̀ « classe » sí iṣẹ́. A túmọ̀ « race » sí ẹ̀yà. Kò sí ẹni tí ó ronú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, apàlọ́ wa ń ka òfin nípa ẹ̀dá kan tí òbí rẹ̀ kan jẹ́ ènìyàn, tí èkejì sì jẹ́ orc, ìyẹn òǹrorò inú igbó. Nínú òfin eré náà tí ó jáde ní 2000, wọ́n fi méjì kún agbára irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ méjì kúrò nínú òye rẹ̀, wọ́n sì tún yọ méjì kúrò nínú bí ó ṣe lè fa ojú ènìyàn mọ́ra. Apàlọ́ túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń kà á lọ: « Ẹni tí ó jẹ́ ìdajì ẹ̀yà kan, ìdajì ẹ̀yà kejì, òye rẹ̀ dín ní méjì. » Ọ̀rẹ́ wa obìnrin kan wà láàárín wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Nàgó, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gùn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ lélẹ̀, ó ní: « Ẹ tún un kà. » Kò sí ẹni tí ó lè tún un kà nínú wa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìfọ̀nyìn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nàgó àti Gùn ń gbé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń ná ọjà. Láti ibẹ̀ dé ẹnubodè Ìgòlò tí ó kọjú sí Ìdí-Ìrókò, ènìyàn lè gbọ́ èdè mẹ́ta mẹ́rin lẹ́nu oníṣòwò kan ṣoṣo. Nínú ìwé Faransé, « race » ti di ọ̀rọ̀ eré, ó jìnnà sí ara ẹni. Bí ó ti bọ́ sí Nàgó tí ó di ẹ̀yà, ó wọ ilé, ó sì jókòó láàárín bàbá àti ìyá ọ̀rẹ́ wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Àwọn kan nínú wa ní eré lásán ni, kí á gbàgbé rẹ̀. Àwa kò gbà. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kì í rìn lásán, ó ń ru ẹrù dání. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹrù tí ọ̀rọ̀ yìí rù. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe yà, tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan pín tàbí kí ó yapa, ni a ti fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ẹ̀yà. Ohun tí ó yà ti fìgbà kan rí wà pọ̀ mọ́ ohun mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi jẹ́ ẹ̀yà ara, tí Ìfọ̀nyìn, Ọ̀họ̀rí, Kétu àti Àwórì sì fi jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. Bí a bá gbọ́ ẹ̀yà, a gbọ́ ìpínyà, a sì gbọ́ odindi tí ó ti pín. Nínú eré yìí ńkọ́? Elf àti orc kò pín láti ara odindi kankan. Ẹ̀dá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà ìtumọ̀ wa kò dára ní ti ìwà, kò sì tọ̀nà ní ti ìmọ̀ èdè.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni a tún ṣe nígbà tí a pe dwarf ní aràrá. Ènìyàn ni aràrá. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè é, nítorí Ọbàtálá. Ọmọ aráyé ni, ó ń gbé láàárín wa, a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ẹ̀dá inú òkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá kò ṣaláìní ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn: iwin ń gbé inú igi, ànjọ̀nú ń bẹ, egbére kúkúrú tí ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀ ń bẹ, Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ó mọ ewé ń bẹ. Irú ẹ̀dá ni ìwọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a lò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n ni eré náà pàápàá ti rí i pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò yọ « race » kúrò, nínú ìwé tuntun tí ó jáde ní 2024 sì ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí irú ẹ̀dá rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ìbí kọ́ ni ó ń fi kún iye agbára àti òye mọ́. Inú ìgbésí ayé tí ẹ̀dá náà ti gbé kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni àfikún náà ti ń wá.

Kí a má tan ara wa, ilé tiwa náà kò mọ́ tán. Bí a bá gbọ́ Àyánwálé, a mọ̀ pé ilé onílù ni. Bí a bá gbọ́ Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ ni. Bí a bá gbọ́ Ọ̀jẹ́wálé, ilé eégún ni. Ìbí àti iṣẹ́ ti so pọ̀ nínú orúkọ. Ó jọ ìwé eré náà tí ó jáde ní 1981 fún àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: bí o bá ti yan dwarf, o kò ní iṣẹ́ mìíràn láti yàn mọ́; dwarf náà ni iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ọmọ Àyàn tí kò bá jókòó ti bàbá rẹ̀, tí kò fi ọwọ́ rẹ̀ mú ọ̀pá ìlù láti kékeré, kò ní mọ̀ ọ́n lù. Ilé ń ṣí ilẹ̀kùn fún un ni, ilé kì í bá a lu ìlù.

Níbo wá ni kí a ti wá àwòkọ́ṣe? Ọdún 1974 tí eré náà jáde gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tiwa, gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí àwọn ìtàn D. O. Fágúnwà. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti ṣáájú gbogbo wọn. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ó kó àwọn akọni jọ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ wò wọ́n: Akàrà-ògùn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọdẹ, Kako oníkùmọ̀, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ akọrin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ tafàtafà, àti Àràmọ̀ǹdà-òkùnrin, ẹni tí òtútù àti ooru kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ti ṣe eré wa rí yóò pariwo pé: « Ẹgbẹ́ wa nìyí! »

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Fágúnwà ṣe. Kò to àwọn akọni wọ̀nyí ní ẹ̀yà ẹ̀yà, kò sì sí ẹni tí ó yọ òye kúrò lára Akàrà-ògùn nítorí pé àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀bùn ni ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì fi ẹ̀bùn náà sínú orúkọ wọn. Ìmọ̀dóye ni ìmọ̀ tí ó di òye. Ìwé Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì péré fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwa ní ìmọ̀, ọgbọ́n àti òye, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní ti èyí tí a fẹ́ràn jù, ẹnu wa kò kò. Ọ̀kan fẹ́ ọdẹ títí láé. Òmíràn kò ní jẹ́ nǹkan mìíràn ju Àrọ̀nì lọ, kódà bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ń dá a dúró lójú ìjà. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ni Olóhùn-iyọ̀, ẹni tí ohùn jẹ́ ohun ìjà rẹ̀. Kò jẹ́ tuntun sí wa. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú àkójọ wọn ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, Ẹ̀fẹ̀ ni ń kọrin lóru ṣáájú ijó ọ̀sán. Ó ń yìn, ó ń bú, ó ń kìlọ̀, kò sì gbé idà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkùnrin a gbé ère obìnrin sórí, a sì jó bí obìnrin. Kò sí ẹni tí ń béèrè ẹ̀yà rẹ̀. Bí ó ṣe jó sí ni a ń wò.

Nítorí náà a tún òfin tábìlì wa ṣe, a sì ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ̀yin náà dán an wò. Èkínní, irú ẹ̀dá ni a ń sọ, a kì í sọ ẹ̀yà. Èkejì, kò sí iye kankan tí ń ti inú ìbí wá. Ẹ̀bùn kan ni oníkálukú ń yàn, yóò sì sọ bí ó ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, ibi tí ìwé Faransé kọ « charisme » sí, lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn lórí iyì, ọ̀yàyà àti ẹwà, ohùn ni a kọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀dá kankan kò gbọdọ̀ jókòó sí tábìlì wa láìní oríkì tí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Bí oríkì tí ó fi bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ bá dùn, a óò fi márùn-ún kún ohun tí dáìsì bá mú wá.

Ọ̀rẹ́ wa tí ó fi pẹ́ńsùlù lélẹ̀ padà wá. Egbére ni ó yàn, olóhùn iyọ̀ tí ó ká ẹní rẹ̀ sí abíyá. A dé ẹnu ọ̀nà ìlú kan, ànjọ̀nú ń ṣọ́ ọ, jagunjagun wa sì ti yọ idà. Egbére ní kí ó dúró. Ó sunkún díẹ̀, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ fún ànjọ̀nú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ó pè é ní ọmọ ẹni tí ń ṣọ́nà kí ọba tó lè sùn. Nàgó ni ó fi bẹ̀rẹ̀, Gùn ni ó fi parí rẹ̀. Ó ju dáìsì, mẹ́sàn-án ni ó bọ́ sí, kò tó. A fi márùn-ún kún un, ó di mẹ́rìnlá, ànjọ̀nú sì ṣí ìlẹ̀kùn.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju irú ẹ̀dá lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí. Àyè kan ṣì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, ṣùgbọ́n kí ó mú oríkì rẹ̀ dání.