Ẹ Kà Wọ́n Kí Ẹ Tó Ní Ẹ Ń Tọ́jú Wọn



Bí ẹni tó ń húkọ́ bá dé ilé ìwòsàn, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á wo ìfúnpá rẹ̀, wọn á fún un lóògùn. Ta ló ń bi í pé: "Ṣé ẹ ń mu sìgá? Ṣé ẹ ń fín aṣáà?" Bí wọ́n tilẹ̀ bi í, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Kì í ṣe pé òfin ò sí. Ọdún 2005 ni ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀ gba àdéhùn àgbáyé lórí tábà wọlé. Abala 14 rẹ̀ ní kí ìjọba ran ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Òfin tábà tiwa, 2017-27, jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2017. Àmọ́ òfin tí kò dé orí tábìlì nọ́ọ̀sì, ìwé lásán ni.

Àwọn kan á ní: "A kúkú ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún mọ́." Ẹ gbọ́, ìbáwí kọ́ là ń pè ní ìtọ́jú. Ẹ wo ikọ́ ẹ̀gbẹ: orúkọ aláìsàn ń wọ ìwé, wọ́n ń ka oṣù rẹ̀, wọ́n sì mọ iye ẹni tó lo oògùn parí. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún sìgá, tó ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ náà?

Iye mẹ́rin là ń bèèrè, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni mélòó lẹ bi léèrè? Mélòó nínú wọn ló ń lo tábà? Mélòó lẹ fún ní ìmọ̀ràn tàbí oògùn? Mélòó ni kò tíì padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ìkẹrin yìí gan-an ni òṣùwọ̀n. Iye ìwé ìkìlọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kọ́.

Wọ́n á ní owó ò sí. Lóòótọ́, oògùn tó ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ lówó lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ṣingọ́ọ̀mù oníníkotíìnì mọ́ oògùn kòṣeémánìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan àti ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú mẹ́ta, èwo ni tówó níbẹ̀? Bíróò kan ti tó.

Ẹ̀yin ìjòyè, ó kù sọ́wọ́ yín. Bí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá wá jíṣẹ́ níwájú yín, ẹ bi í ní iye mẹ́rin yìí. Bí kò bá rí i sọ, ẹ ní kó padà lọ kà á. Ẹni tí a ò kà, ẹ má sọ fún wa pé ẹ ti wò ó sàn.