Ẹ Má Fọ Owó Náà, Ìmọ́lẹ̀ Ni Kí Ẹ Tún Ṣe

Ọ̀pọ̀ ilé àgbà nílẹ̀ Yorùbá ni a ti lè rí àpò kékeré kan nísàlẹ̀ àpótí, tí kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà ti gba ipò pọ́n-ùn, owó wọ̀nyí kò sì ra nǹkan kan lọ́jà mọ́. Síbẹ̀, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá wọn, àwọn ọmọ ilé náà sì ń fẹ́ kí àwòrán wọn wà nínú fóònù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó yàwòrán tán, ohun tó máa jáde á dàbí ìdérí ìgò tó ti dípẹtà.

Mo ti ṣe àṣìṣe kan tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ya àwòrán kọ́bọ̀ mẹ́ta tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, mo da eérú lé e, mo sì gbo ó títí tó fi ń dán. Inú mi dùn. Àgbà kan tó mọ̀ nípa owó àtijọ́ ló gbé e sí ìmọ́lẹ̀, tó sì bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?” Ó fi àwọn ìlà tín-ín-rín tí eérú fà sára rẹ̀ hàn mí. Ó ní ẹni tó bá mọyì irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní san iye tí ì bá san tẹ́lẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Àwọ̀ dúdú tí mo gbo dànù kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara irin ni ó ti yọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ni. Àwòrán tí kò dára, a lè tún un yà lọ́la. Owó tí a ti ha lára, kò ní àtúnṣe.

Kí ni àwòrán rere gbọ́dọ̀ fi hàn? Ẹ mú kọ́bọ̀ oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Adé àti orúkọ ọba wà lójú kan. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà àti ọdún tí wọ́n rọ ọ́ wà lójú kejì. Àwọn kan lára èyí tí wọ́n rọ ní 1936 gbé orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, láì tíì dé adé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọn kò gbé owó tirẹ̀ jáde fún aráàlú láti ná. Níhìn-ín, àwọn bàbá wa ná an. Lẹ́tà H tín-íntín sì wà lára kọ́bọ̀ mìíràn, KN wà lára òmíràn: àmì Heaton àti Kings Norton, ilé iṣẹ́ méjì tó ń rọ owó ní Birmingham. Bí àwòrán kò bá jẹ́ kí a ka nǹkan wọ̀nyí, kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Orí ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Irin a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Bí a bá tan iná fóònù sí i, iná náà á lọ tààrà, á sì bọ̀ tààrà. Àpá funfun kan ṣoṣo ni a ó rí láàárín òkùnkùn. Nítorí náà, ẹ pa iná fóònù. Ẹ má sì gbé owó náà sínú oòrùn gangan, torí òjìji oòrùn le jù. Ẹ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì le, ẹ fi bébà funfun fẹ́lẹ́ dí i. Ẹ gbé bébà funfun mìíràn dúró ní òdìkejì, kí ó lè dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sí apá tó ṣókùnkùn.

Owó tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, nísàlẹ̀, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń mú kí gegele àti kòtò ojú ọ̀nà hàn ketekete. Èyí tó ṣì ń dán ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó wá láti òkè díẹ̀. Ẹ máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń wo ojú fóònù. Ibì kan ń bẹ tí lẹ́tà á ti ṣàdédé yọ síta. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yà á.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ó ku ìdúróṣinṣin. Ẹ to ìwé jọ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ gbé fóònù lé wọn lórí bí afárá, kí ojú kámẹ́rà sì kọ sí àárín, lókè owó náà gan-an. Ẹ nu ojú kámẹ́rà ọ̀hún, torí òróró ọwọ́ wa kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ lo ètò tó ń jẹ́ kí fóònù dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó yàwòrán, kí títẹ̀ yín má bàa mì ín. Ẹ má sún mọ́ owó náà jù, nítorí òjìji fóònù á bò ó, ojú rẹ̀ á sì ṣú. Ẹ yà á láti òkè díẹ̀, kí ẹ wá gé etí àwòrán náà kúrò. Ẹ gbé kọ́bọ̀ oníhò sórí bébà dúdú, kí ihò rẹ̀ lè hàn dáadáa. Ọwọ́ ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Etí owó nìkan ni kí ìka máa kàn.

Àwọ̀ pẹ̀lú ní ohun tó ń sọ. Láti 1913 títí di 1920, fàdákà ni wọ́n fi ń rọ ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí fàdákà di ọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n yí sí idẹ. Bí fóònù bá sọ fàdákà di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti pa irọ́ nìyẹn. Ẹ fi bébà funfun kékeré sínú àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n títí funfun yóò fi jẹ́ funfun. Lẹ́yìn èyí, ẹ má fi ohunkóhun dán an. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ya ojú méjèèjì àti àpá tó wà lára rẹ̀. Àwòrán tó bo àléébù mọ́lẹ̀, olè ni, bí ó tilẹ̀ rẹwà.

Kọ́bọ̀ méjì tó kù lọ́wọ́ mi, n kò fọ̀ wọ́n. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì fi sùúrù yí wọn. Lára ọ̀kan, láàárín dúdú yẹn gan-an, mo ka EDWARDVS. Èyí tí mo gbo pẹ̀lú wà nínú àwòrán ilé wa. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bá wa béèrè àpò owó yẹn lọ́wọ́ àwọn àgbà yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí kọ́bọ̀ kan ń rà nígbà náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.