Kílíìmù Àtijọ́: Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ní Zone 4, níhìn-ín ní Marcory, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ayálégbé bá ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo wa ń pè ní kílíìmù, lára ògiri ni. Bí oṣù kejì àti oṣù kẹta bá dé, tí ẹ̀rọ náà kò mú yàrá tutù mọ́, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Baálé ní kí wọ́n pe frigoriste kó wá tún un ṣe. Ìyàálé ní títúnṣe ti tó, kí wọ́n ra tuntun. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun méjì ni ká wò: kí ló ń ṣe é, àti pé iná mélòó ló ń jẹ?

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ó lè jẹ́ pé eruku ló dí àsẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ fáànù, tàbí kàpásítọ̀, ohun kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra. Ìwọ̀nyí kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ju ẹ̀rọ nù. Ẹ tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n bí frigoriste bá ní gáàsì ló tán, ẹ bi í pé ibo ló gbà lọ. Gáàsì inú kílíìmù kì í jó tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù ló ń yí ká. Bó bá dín, ó ń jò ni. Ọ̀sà yí wa ká, òkun kò sì jìnnà, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ sì ń jẹ irin àti páìpù èyí tí a gbé síta. Ẹni tó ń rọ gáàsì lọ́dọọdún láì dí ihò, agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Bó bá jẹ́ ojú kan ló ń jò, wọ́n lè jó o pa. Bí iyọ̀ bá ti jẹ ẹ́ káàkiri, tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú, ẹ má náwó sí i mọ́.

Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí R22, gáàsì tó ń ba òsóònù ojú ọ̀run jẹ́ nìyẹn. Lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal lọ́dún 1987, ọdún 2030 ni irú orílẹ̀-èdè tiwa gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì pátápátá. Ní Yúróòpù, láti 2015 ni òfin kò ti gbà kí wọ́n rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra “France au revoir”, ẹ ka ìwé ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni rọ R32 sínú ẹ̀rọ R22. Agbára ìtì R32 pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ náà lè gbà lọ, ó sì lè gbiná nínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ó wá ku iná. Ká sọ pé kílíìmù àtijọ́ ń jẹ kílówáàtì 1.2 ní wákàtí kan, tí ẹ ń tàn án fún wákàtí 8 lóru. Ní ọjọ́ 60, ẹyọ iná 576 ló jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní inverter máa ń rọra dín agbára rẹ̀ kù bí yàrá bá ti tutù. Bó bá jẹ ìdajì, 288 lẹ fi pamọ́. Ẹ wo iye tí CIE kọ fún ẹyọ kan lórí ìwé iná yín, kí ẹ fi sọ 288 di púpọ̀. Ẹ fi èyí tó bá jáde pín owó ẹ̀rọ tuntun, ẹ ó mọ ìwé iná mélòó tí yóò fi san ara rẹ̀.

Ibi tó le jù nìyí: onílé ló ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ ń san owó iná. Ẹ̀rọ tó ń jẹun lápò yín kò dun onílé, kò sì ní kánjú. Ẹ mú ìwé iná tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìṣirò yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ ra tuntun, kó sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé. Bí kò bá gbà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiyín ni, ẹ ó sì tú u lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i kí ẹ tó tú tirẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kó owó jọ láti parí ilé ní Èjìgbò. Owó iná tí a bá dín kù níbí, ó lè di àpò sìmẹ́ńtì lọ́hùn-ún. Títí a ó fi tún pàdé, ẹ yọ àsẹ́ kílíìmù yín lónìí, kí ẹ fi omi ṣàn án.