Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi orin kíkọ sílẹ̀

Nígbà tí àrùn kòrónà gbòde lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ẹni tó mórí bọ́ ni kò rí èémí mí délẹ̀ mọ́ fún oṣù púpọ̀. Ní ìlú London, ẹgbẹ́ eléré orin English National Opera àti àwọn oníṣègùn Imperial College pawọ́ pọ̀ láti kọ́ irú wọn ní mímí àti orin kíkọ. Orin wo? Orin ìrẹmọlẹ́kún ni! Èèyàn 150 ni wọ́n fi dán an wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sì fi kọ́ ìdajì wọn. Èsì tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé ọkàn àwọn tó kọrin balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, èémí wọn sì já geere díẹ̀ sí i. Agbára ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ṣá.

Ẹni tó ń kọrin kò lè mí gúlegúle. Yóò fa èémí sínú dáadáa, yóò sì rọra máa tú u jáde títí ẹsẹ orin yóò fi parí. Kí èèyàn máa rọra mí bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan lè dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀.

Díẹ̀ la wí o! A kò fara mọ́ àwọn tó ń ní kí arúgbó sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù nítorí orin. Ẹni tí kò bá sì rí èémí mí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi orin sílẹ̀ fún rédíò nìkan? Èyí tí ẹ fi ń roko, èyí tí ẹ fi ń gún iyán, ẹ kò ní sanwó kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ọmọ bá ní ariwo Màmá pọ̀ jù, kí ó lọ sùn ní yàrá kejì.