Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Odi Ọ̀yọ́-Ilé

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ inú ilé kan la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó bá odindi ìlú wí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, nínú igbó ọba lápá Ìgbẹ́tì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, wọ ìlú náà. Ó ṣàkọsílẹ̀ pé odi amọ̀ tó yí i ká ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó ní yàrà àti ẹnubodè 10, àyíká rẹ̀ sì tó máìlì 15. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ogun tú ìlú, tí Aláàfin Àtìbà fi lọ tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó sí Àgọ́-Ọ̀jà.

Lónìí, odi náà ti di òkìtì gbọọrọ tí igi hù lé lórí. Àfọ́kù ìkòkò fọ́n ká ilẹ̀, ibi tí àwọn ìyá ti lọ ọkà lójú àpáta sì ṣì jin kòtò.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Róòmù: omíyalé gbé ìdajì afárá àtayébáyé tí wọ́n ń pè ní Ponte Rotto lọ ní 1598. Síbẹ̀, apá kan rẹ̀ ṣì dúró láàárín odò Tiber, ọmọdé tó bá rí i á mọ̀ pé èèyàn ló kọ́ ọ. Òkúta ni. Odi amọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè fi ọkọ́ tú u ká, kó gbin iṣu sí i, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn.

Lóòótọ́, òfin dáàbò bò ó. Ilẹ̀ náà di igbó tí a kò gbọdọ̀ dẹ ní 1952, ó sì di ara Old Oyo National Park ní 1991. Ṣùgbọ́n páàkì ọ̀hún fẹ̀ ju 2,500 km² lọ. Ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ti gbogbo òkìtì.

Ìmọ̀ ló yẹ kó ṣọ́ ìyókù, ṣùgbọ́n ní 2009 ni wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó ti padà. Àwọn ọmọ sáà yẹn ti ń di àgbẹ̀, ọdẹ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá ba odi jẹ́, àgbà tí kò kọ́ wọn ni òwe náà ń nàka sí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti jó, ni odi náà máa ń hàn jù. Kí àwọn olùkọ́ Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn bá ọ́fíìsì páàkì sọ̀rọ̀, kí wọ́n kó ọmọ kíláàsì wọn tẹ̀lé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì san owó ọkọ̀ wọn.